Ìsinmi níbi tó parọ́rọ́: Ẹ̀kọ́ láti GRA ìlú Zaria

Àwọn onímọ̀ nípa ètò ìlera ti ń kìlọ̀ pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti ariwo tí kì í dáwọ́ dúró ń ṣe ìpalára fún ara, àti pé ìsinmi níbi tó parọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán.

Lọ́dún 2021, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ó fi hàn pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì fi ìdá 17 lé sí i.

Òfin òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, láìdá owó rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ọjọ́ náà sáré láti ìlú kan dé òmíràn, tàbí láti òde ìnáwó kan sí èkejì, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀ tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí ariwo ń ṣe fún ara

Bí ariwo bá ń dún, ara a máa ṣe bí ẹni pé ewu wà nítòsí, kódà nígbà tí ènìyàn bá ń sùn. Ọkàn a máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ a máa ru sókè, oorun a sì máa já. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lóru dé òru, ó lè dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn.

Nínú ìlànà tí WHO gbé jáde fún ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2018, ó dámọ̀ràn pé kí ariwo ọkọ̀ má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 45 lóru. Ẹni tó ń gbé láàárín jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti fèrè ọkọ̀ kò lè ní irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀.

Síbẹ̀, ìrìnàjò nìkan kò tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 1,530 lórílẹ̀-èdè Netherlands, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 2010, fi hàn pé láàárín àwọn tó lọ fún ìsinmi, àwọn tí ara wọn balẹ̀ gidigidi lọ́hùn-ún nìkan ni inú wọn dùn ju ti ẹni tí kò lọ síbì kankan lọ lẹ́yìn tí wọ́n padà dé.

Àgbègbè tí wọ́n dá nítorí ìsinmi

Zaria, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 80 sí àríwá Kàdúná, jẹ́ ìlú ọjà àti ìlú ẹ̀kọ́. Èrò pọ̀ nínú ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, àti ní Sabon Gari, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n àgbègbè GRA yàtọ̀: ọgbà ilé ibẹ̀ gbòòrò, ilé jìnnà sí ilé, igi ńlá sì ṣíji bo ojú ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe èèṣì. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1917 nípa ètò ìlú mú kí wọ́n ya ibùgbé àwọn Òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀, pẹ̀lú àlàfo nǹkan bíi mítà 400 láàárín wọn. Frederick Lugard, tó ti jẹ́ Gómìnà Àgbà Nàìjíríà rí, ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1922 pé lára ìdí rẹ̀ ni kí ẹ̀fọn má baà gbé ibà láti ara àwọn ọmọ ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó, kí ìlù àti ariwo má sì dí wọn lọ́wọ́ ìsinmi.

Àwọn aláṣẹ ìgbà náà mọ̀, nígbà náà, pé ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ apá kan ètò ìlera. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n kàn fún un. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí tó bá rí ilé àlejò tàbí ìbátan ní GRA lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Bí a ṣe lè lo àkókò náà

Ó dára kí ènìyàn dúró síbì kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ó máa rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ó sì fi ọ̀sán sinmi. Ibi kan ṣoṣo lóòjọ́ ti tó. Lọ́jọ́ kan, ó lè lọ sí Wusasa láti wo ṣọ́ọ̀ṣì St Bartholomew, tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ lọ́dún 1929, àti òkè Kufena. Lọ́jọ́ mìíràn, ó lè lọ wo ọgbà Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962.

Ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ kò gbọdọ̀ lọ lásìkò ọdún Iléyá tàbí ọdún Ààwẹ̀, nítorí èrò a máa rọ́ jáde láti wo àwọn ẹlẹ́ṣin.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Ètò ààbò ló ṣáájú. Àwọn ajínigbé ti da àwọn arìnrìnàjò láàmú ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, wọ́n sì kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ má sì rin ìrìn òru. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ yan ibòmíràn, torí ìfòyà kì í jẹ́ kí ara sinmi.

Jíjókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nasẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi.

Àlàfo mítà 400 kò lé ẹ̀fọn lọ. Ẹ sùn nínú àwọ̀n apẹ̀fọn. Nígbà ọ̀yẹ́, eruku àti òtútù lè gbé àìsàn dìde sára ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀ladìde. Zaria tún wà nínú ẹkùn tí àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń mú ọrùn gan, ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ mú èyí tó máa tó o dání.

Ẹni tí kò lè rin ìrìn jíjìn lè wá ibi tó parọ́rọ́ nítòsí rẹ̀, bí ọgbà Agodi ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí àárẹ̀ kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi, ó yẹ kí ènìyàn rí dókítà, nítorí ìtọ̀ ṣúgà, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà nídìí rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.