Wíwá Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Ọtí àti Ọkọ̀ Wíwà ní Kóòtù: Ìwé Ìlàlóye fún Gbogbo Ará Ìlú

Ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú ilé tí wọ́n gbé òkú ọ̀dọ́ wọ̀ láti ojú títì mọ̀ pé, nígbà tí ẹkún bá rọlẹ̀ díẹ̀, tí àwọn àgbà ilé sì forí korí, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé: ta ni ó wa ọkọ̀ náà, kí ni ó mu kí ó tó wa ọkọ̀, ṣé irú èyí sì ti ti ọwọ́ rẹ̀ wáyé rí? Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé iwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, wà nínú fáìlì kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù kóòtù, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà sì ka fáìlì náà sí ìwé gbogbo ìlú, tí ó fi jẹ́ pé ìyá olóògbé, olówó ọkọ̀ tí ń wá dẹ́rẹ́bà, oníròyìn, àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gan-an, gbogbo wọn ni ó ní ọ̀nà láti béèrè rẹ̀. Ohun tí ó ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn ni pé wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò bi, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù ọgbà kóòtù bí ẹni pé ọ̀daràn nìkan ni í wọ ibẹ̀. A kọ ìwé yìí láti lé ẹ̀rù náà lọ.

Ohun tí òfin kà léèwọ̀

Àwọn àgbà tí ó sọ ìtàn Ọbàtálá fún wa, alábàláàṣẹ, òrìṣà tí í wọ aṣọ àlà, kò fi í pamọ́ pé ẹmu ni ó mú un sùn lọ lójú ọ̀nà nígbà tí Olódùmarè rán an wá dá ilẹ̀ ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe; títí di òní olónìí ni ẹmu sì jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn tí ń sìn ín. Pé kí ẹni tí a fi ẹ̀mí ẹlòmíràn lé lọ́wọ́ yàgò fún ọtí jẹ́ ìmọ̀ tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ wá pọ̀, tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gbé ènìyàn mì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977, Wọlé Ṣóyínká tí ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà sì ni aṣáájú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ni ó sọ wọ́n ní Májàmájà. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ gbé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè kalẹ̀, Ṣóyínká yìí kan náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí àjọ náà ń lò lónìí ni èyí tí a ṣe ní ọdún 2007, pẹ̀lú ìlànà ìrìnnà tí ó jáde ní ọdún 2012.

Ìwọ̀n tí a fi ń mọ ẹni tí ó ti rú òfin ni mílígíráàmù 50 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀, ì báà máa rìn tààrà, ì báà máa sọ̀rọ̀ geere. Ẹ jẹ́ kí a tẹnu mọ́ ọn fún àwọn awakọ̀ wa pé a kì í fi ojú wọn èyí, a kì í sì í fi ìgò kà á, nítorí ara olúkúlùkù ni ó mọ bí ó ti ń gba ọtí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pa ọtí run nínú ara, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń ṣe é, láti wákàtí dé wákàtí. Kọfí, omi tútù, ọsàn wẹ́wẹ́, oorun ráńpẹ́ nínú ọkọ̀, kò sí èyí tí ó lè mú un yára. Dẹ́rẹ́bà tí ó mu títí di aago méjì òru, tí ó sì jí ní aago márùn-ún láti tètè tò sórí ìlà ní gáréèjì, ọtí àná ṣì ń bẹ lára rẹ̀ nígbà tí ó ń ké pe èrò. Bákan náà ni paraga rí. Awakọ̀ a máa búra pé agbo jẹ̀dí lásán ni òun mu, ṣùgbọ́n ògógóró tí wọ́n fi pa agbo náà kò mọ̀ pé agbo ni wọ́n pe òun, inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń lọ.

Owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ yìí lọ́dọ̀ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó jẹ́ ₦5,000, wọ́n á sì ka àmì 5 sí láísẹ́nsì awakọ̀ lọ́rùn. Bí àmì náà bá pé 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni; bí ó bá di 15 sí 20, wọ́n á gba láísẹ́nsì náà fún ìgbà díẹ̀; bí ó bá wá dé 21, wọ́n á gbà á pátápátá. A kò ní fi ọ̀rọ̀ bò ó: owó yìí kéré jọjọ sí ewu tí ó wà nínú ọ̀ràn náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kékeré owó ìtanràn díwọ̀n títóbi ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ̀mí bá bá a lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Ẹ̀ṣọ́ nìkan. Ọlọ́pàá ni yóò gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì ni ó ń dúró níbẹ̀.

Ibi tí a ó ti wá a

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀sùn ọtí lè gbà parí. Bí àwọn Ẹ̀ṣọ́ bá mú awakọ̀, ìwé ẹ̀sùn kan ni wọn yóò kọ fún un, bí ó bá sì gbà pé òun jẹ̀bi, tí ó san owó ìtanràn náà sí àpò ìjọba, ọ̀rọ̀ náà kò dé kóòtù rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá wá orúkọ dẹ́rẹ́bà kan ní kóòtù tí ẹ kò rí i, ẹ má tíì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Olówó ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó ní kí dẹ́rẹ́bà náà fúnra rẹ̀ bá òun lọ sí ọ́fíìsì Ẹ̀ṣọ́, nítorí láísẹ́nsì rẹ̀ ni àmì náà wà lọ́rùn.

Àwọn ẹjọ́ tí ó bá dé kóòtù, kóòtù májísíréètì agbègbè tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ ni a máa ń gbé wọn lọ, kì í ṣe ti ìlú tí awakọ̀ ń gbé. Ẹjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín Ìbàdàn, Ìyágankú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sí. Ní Èkó, kóòtù pọ̀, ti Ọ̀gbà, ti Yábàá, ti Ìkẹjà àti àwọn mìíràn, èyí sì ni ó fi dára kí a kọ́kọ́ béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ àti nọ́ńbà tí a fún ẹjọ́ náà. Nọ́ńbà yìí ni kókó. Bí kò bá sí, kí ẹ ní orúkọ awakọ̀ ní kíkún, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, orúkọ ọ̀nà, àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí akọ̀wé fi wò ó nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń to ẹjọ́ sí láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹjọ́ kóòtù alágbèéká, tí májísíréètì máa ń jókòó dá lẹ́bàá títì nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ bá ń ṣọ́nà, kí ẹ béèrè rẹ̀ ní kóòtù tí májísíréètì náà ti wá.

Bí a ó ṣe ka fáìlì náà

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀sùn. Lókè ni orúkọ kóòtù àti nọ́ńbà ẹjọ́ wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó rí Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́, àti orúkọ awakọ̀ tí a pè lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́, aago, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, irú ọkọ̀ tí ó wà, àti òfin tí wọ́n sọ pé ó rú. Ní ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e ni májísíréètì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó ń lọ, bóyá awakọ̀ gbà tàbí ó kọ̀, ohun tí ẹlẹ́rìí sọ, ọjọ́ tí a sún ẹjọ́ sí. Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn mìíràn ṣòro kà. Ẹ má tijú láti bẹ akọ̀wé kí ó kà á fún yín.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ rọra, nítorí orúkọ rere ọmọ ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé ẹ̀sùn jẹ́ ohun tí ẹnìkan fi kan ẹnìkejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí kóòtù yóò fi rí i pé ó jẹ̀bi. Ẹ ṣí fáìlì náà dé ẹ̀yìn, kí ẹ wo bí ó ti parí. Bí adájọ́ bá kọ ọ́ pé ó jẹ̀bi, ìjìyà rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e níbẹ̀. Bí adájọ́ bá dá a láre, kò sí ẹni tí ó tún lè pe ẹjọ́ kan náà lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn yọ ẹjọ́ kúrò nínú ìwé kóòtù, bóyá nítorí pé olùpẹjọ́ kò yọjú tàbí ẹlẹ́rìí sá, kò tíì jẹ̀bi, kò tíì jàre, wọ́n sì lè gbé ẹjọ́ náà padà wá. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá a ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀, nítorí ohun tí a dá nísàlẹ̀ lè yí padà lókè. Ní ti orúkọ tí ó jọra, àwọn Adébáyọ̀ àti Múfútáù pọ̀ ní gáréèjì kan ṣoṣo: ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà láísẹ́nsì ni kí ẹ fi mọ ẹni tí ẹ ń wá.

Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú abala 36 yìí. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kóòtù gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ bá sì parí, ó ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7.

Gbígba ẹ̀dà

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìwé náà níbi tí ó ti ṣe pàtàkì, bíi lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tàbí nínú ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, ẹ̀dà lásán kò tó. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé kí òṣìṣẹ́ tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà pé òótọ́ ni, kí ó fi orúkọ, ipò, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sí i, kí a sì lu òǹtẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé àgbà kóòtù, ẹ san owó tí ìjọba là sílẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì náà pẹ̀lú ẹ̀dà, nítorí lọ́yà apá kejì lè béèrè rẹ̀. Owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ yìí fa ọdún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n dáná sun Kóòtù Gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ fáìlì sì jó níbẹ̀; ẹni tí ó ti gba ẹ̀dà tirẹ̀ sílé ṣáájú ni ó rí ohun dì mú. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti ní kí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní àkójọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ìdájọ́ kóòtù sì máa dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ 30. Ibẹ̀ náà ṣeé béèrè bí ti kóòtù bá sọnù.

Bí wọ́n bá ń dá yín padà lójoojúmọ́, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 wà fún yín, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ ọ́ ní ọdún 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu sọ ọ́, kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fún yín lésì. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, wọ́n sì lè fa ọwọ́ ohun tí ó jẹ́ àṣírí ara ẹni sẹ́yìn, bíi ìwé dókítà. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ, òfin sì ti gbé ìtanràn ₦500,000 kalẹ̀ fún ọ́fíìsì tí ó bá fi ìwé pamọ́ lọ́nà àìtọ́.