Áyọ́ọ̀nù Eléèédú: Ẹ̀kọ́ fún Ilé Onígbàgbọ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ojú ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúwa fi yé Sámúẹ́lì pé ọkàn ni Òun ń wò (1 Sámúẹ́lì 16:7). Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yàgbà ní bí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, yálà ní Ponyan tàbí ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, yóò rántí ohun èèlò kan tí kì í jẹ́ kí ojú ti aṣọ ìsìn wa: áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lónìí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rí i ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà, wọn yóò rò pé irin tí a fi ń dí ilẹ̀kùn ni. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀wò, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì di ti àtijọ́.

BÍ Ó TI RÍ

Irin wúwo ni. Imú rẹ̀ ṣóńṣó bí imú ọkọ̀ ojú omi, abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, inú rẹ̀ sì ṣófo kí ẹ̀yín iná lè wọ̀ ọ́. Ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè, ìkọ́ kékeré kan sì wà níwájú tí a fi ń tì í pa. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòrán àkùkọ ni wọ́n fi ṣe ìkọ́ náà. Ihò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, kí iná má baà kú. Igi ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀, nítorí igi kì í tètè gbóná bí irin.

Kì í ṣe àwa nìkan la lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi àwo irin tí ẹ̀yín iná wà nínú rẹ̀ lọ aṣọ láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ tiwa, kí áyọ́ọ̀nù tó dé, àwọn kan a máa ká aṣọ aláró lé orí igi, wọn a sì fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi tẹ́, tí yóò sì máa dán. Ẹni tí kò ní ohunkóhun a ká aṣọ rẹ̀ dáadáa, a tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní, a sì sùn lé e títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní 1908 ni Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì tó wá láti Kánádà lábẹ́ ẹgbẹ́ SIM, dé Ẹ̀gbẹ̀. Bí ìjọ àti ilé ìwé ti ń tàn káàkiri ilẹ̀ Yàgbà lẹ́yìn ìgbà náà ni aṣọ ìsìn funfun àti yúnífọ́ọ̀mù kakí ń pọ̀ sí i. Ẹ sì mọ̀ pé bí a kò bá lọ kakí, bí àpò iṣu ló ń rí lára ọmọ.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Ní ilé wa ní Ponyan, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọ̀kan nínú wa a lọ kó èédú. Èédú igi líle, bí igi àyìn, ló dára jù, nítorí ó máa ń pẹ́ nínú iná. Èédú igi rírọ̀ a ti di eérú kí a tó lọ agbádá kan tán. A ó da èédú sínú ààrò, a ó máa fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, tí èéfín rẹ̀ yóò fi tán, kí a tó kó o sínú áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá kánjú kó èédú tí kò tíì pọ́n sínú rẹ̀, èéfín ni yóò fi pa aṣọ láró.

Ẹlòmíràn ti tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí tábìlì, ó sì tẹ́ aṣọ funfun kan lé e lórí. Ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ wọ́n omi sí aṣọ, ó sì ń ká a jọ kí omi náà lè rin ín káàkiri. Aṣọ òwú ti gba sítáàṣì kí a tó sá a. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe sítáàṣì náà nílé: a ó po ìyẹ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù díẹ̀, a ó da omi tó ń hó lé e, a ó rò ó títí yóò fi ki, a ó fi omi là á, a ó sì ri aṣọ bọ inú rẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù yìí kò ní ohun tí a ń yí láti dín ooru rẹ̀ kù. Ojú àti etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìyá wa a ta omi díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí omi náà bá dún ṣàà tí ó sì fò lọ lẹ́sẹ̀kan náà, ó gbóná jù fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nítorí náà kakí àti aṣọ òwú ló ń kọ́kọ́ bọ́ sórí tábìlì, nígbà tí iná ṣì le. Aṣọ sílíkì àti tẹ́rílìn a dúró di ìgbà tí iná bá rọlẹ̀. Kí áyọ́ọ̀nù tó kan aṣọ rárá, a ó kọ́kọ́ fi abẹ́ rẹ̀ gun ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù lọ gun un bọ̀, kí ìdọ̀tí lè kúrò, kí ó sì lè máa yọ̀ lórí aṣọ. Òórùn ewé náà kò tíì kúrò ní imú mi.

Bí ooru bá ń dín kù, a ó gbé áyọ́ọ̀nù jáde síta, a ó máa fì í síwá sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè gba inú ihò rẹ̀. A kì í fẹ́ ẹ lórí aṣọ, nítorí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó láti lu aṣọ ìsìn Bàbá ní ihò. Bí a bá fì í tí kò sì gbóná, Ìyá wa a ní, “Ẹ ṣí i wò, eérú ló ti bo iná yẹn.” Lóòótọ́, bí a bá da eérú nù tí a sì fi ẹ̀yín iná méjì tàbí mẹ́ta kún un, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó kóra jọ fún àdúrà alẹ́, aṣọ gbogbo ilé ti wà lórí ìkọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ìwẹ̀ àti oúnjẹ nìkan ló kù.

INÁ MÀNÀMÁNÁ DÉ

Ní 1882 ni Henry Seeley, ará New York ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún áyọ́ọ̀nù tó ń lo iná mànàmáná. Ó pẹ́ kí ó tó wọ ilé àwọn ènìyàn, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìlú, alẹ́ nìkan ni wọ́n ń tan iná. Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ California, Earl Richardson ni orúkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Ó ṣàkíyèsí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn obìnrin agbègbè náà ń lọ aṣọ, ó sì rọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti máa fún wọn ní iná ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Láti ibẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù tirẹ̀, tí a wá mọ̀ sí Hotpoint, ti gbajúmọ̀.

Ní Nàìjíríà, ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí pèsè iná ní 1968, a sì dá NEPA sílẹ̀ ní 1972. Áyọ́ọ̀nù oníná wọlé, ti eléèédú sì wọ kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Earl Richardson tó ń bá wa bẹ̀bẹ̀ iná ọjọ́ ìlọṣọ! Ní 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ tó ń pín iná káàkiri orílẹ̀-èdè yìí dákẹ́ pátápátá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè gbé áyọ́ọ̀nù, nítorí áyọ́ọ̀nù a máa gba 1,000 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀. Epo bẹntiróòlù pàápàá ti wọ́n gan-an láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Ìdí nìyí tí àwọn alágbàfọ̀ kan kò fi ju áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn nù, tí àwọn ìdílé kan sì tún ti lọ gbé tiwọn jáde.

Ẹ ṢỌ́RA

Ẹ̀yin tó tún ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lò ó nínú yàrá tí a tì pa. Èédú tó ń jó a máa tú gáàsì olóró kan jáde tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá ń fà á símú, orí a máa fọ́ ọ, òòyì a máa kọ́ ọ, bí kò bá sì tètè jáde, ó lè sùn kí ó má jí mọ́. Òjò tàbí òtútù kò tó ìdí láti gbé e wọlé kí a sì ti fèrèsé. Ìta gbangba tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni àyè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ da omi sí ẹ̀yín iná náà níta títí yóò fi kú pátápátá.

Bí áyọ́ọ̀nù bá jó ọmọ, ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Bí ó bá sì pọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA

Ìkíní ni ìpalẹ̀mọ́. Ní aginjù, Ọlọ́run kọ́ Ísírẹ́lì láti pèsè oúnjẹ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà (Ẹ́kísódù 16:22-23). Kí ni à ń rí lónìí? Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá ń pariwo, ìyá ń wá áyọ́ọ̀nù, ọmọ ń sunkún, gbogbo ilé ń retí kí iná dé. Bí iná kò bá dé, àwọn kan a jókòó sílé, wọ́n a ní aṣọ àwọn rún. Olùfẹ́, ta ló sọ fún yín pé ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ni a ti ń yẹ aṣọ wò? Ẹ lọ aṣọ ní ọjọ́ Sátidé bí iná bá wà. Bí kò bá sí, ẹ ká aṣọ yín sábẹ́ ẹní, kí ẹ sì wá. Kí àwa tí a dé ṣáájú má sì ṣe fi aṣọ díwọ̀n ẹni tó wọlé, nítorí Jákọ́bù kìlọ̀ fún wa nípa èyí (Jákọ́bù 2:2-4).

Ìkejì ni iná inú. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà kí Olúwa tó pè é ní 1928. Bí ẹ̀rọ náà ti wúwo tó, bí iná inú rẹ̀ bá kú, kò lè tẹ òkúta kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni áyọ́ọ̀nù. Ìwúwo rẹ̀ nìkan kò lè na aṣọ. Àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀pọ̀ ilé Onígbàgbọ́ ló ṣì ní ìwúwo: orúkọ wà, oyè nínú ìjọ wà, Bíbélì ńlá wà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n eérú ìbínú tí a kò yanjú àti àdúrà ìdílé tí a ti pa tì ti bo iná. Nínú Léfítíkù 6:10-13, àlùfáà ní láti kó eérú kúrò, kí ó sì fi igi sí iná ní òròòwúrọ̀, kí iná pẹpẹ má baà kú. Méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ da eérú nù, kí ẹ sì fi ẹ̀yín iná kún un.

Ìkẹta ni pípín iṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù oníná ti jẹ́ kí iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń ṣe di ti ẹnì kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń lọ aṣọ bàbá, ti ìyá àti ti àwọn ọmọ. Òun náà ló ń kẹ́yìn dé ilé ìsìn pẹ̀lú aṣọ tó rún, bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ kí ó wá. Ẹ̀yin ará, èyí kò dára. Kólósè 4:1 ń bá àwa tí a ní ènìyàn lábẹ́ wa wí. Ẹ jẹ́ kí bàbá lọ ṣòkòtò tirẹ̀, kí ọmọkùnrin kọ́ iṣẹ́ náà bí ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ, kí aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ sì wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sórí tábìlì.

Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Éfésù pé ìjọ tí Kristi yóò mú wá sí iwájú ara Rẹ̀ kì yóò ní àbàwọ́n tàbí ohun tó rún (Éfésù 5:27). Kò sí ìrunpọ̀ tí ń kúrò lára aṣọ láìsí ooru àti ìwúwo. Bí Olúwa bá ń gba inú ìdánwò tẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Ó mọ bí ooru ti yẹ kó pọ̀ tó fún irú aṣọ tí ẹ jẹ́, kò sì ní jó yín.

Àdúrà: Olúwa, da eérú inú ilé wa nù. Jẹ́ kí iná Rẹ máa jó lórí pẹpẹ ìdílé wa, kí ó má ṣe kú láé, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Fún ìjíròrò nínú ìdílé:
1. Iṣẹ́ wo ni a lè parí ní ọjọ́ Sátidé kí òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi lè ní àlàáfíà?
2. Ta ló ń lọ aṣọ nílé wa, ta ló sì ń lọ tirẹ̀ fún un?
3. Eérú wo ló ti bo iná àdúrà wa?