Ìlú Ọjà Lójú Àwọn Ará Ẹ́sítéètì: Àlàyé lórí Eré Tẹlifíṣọ̀n The Village Headmaster

1.0 Ìfáàrà

Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí ó dá lórí ìgbé ayé àwọn ará abúlé kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni The Village Headmaster, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968 tí ó sì wà títí di 1988. Kì í ṣe ìjà tàbí ìpayà ni ó fi ń fa ojú òǹwòran mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀rọ̀ òfófó àti ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni ó fi ṣe òpómúléró.

Àlàyé tí yóò wáyé nínú àpilẹ̀kọ yìí pín sí mẹ́ta: bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe kó orílẹ̀-èdè odindi sínú ìlú kékeré kan, àti ìdí tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi bá ọkàn àwọn tí ń gbé ìlú ńlá mu. Ẹ́sítéètì Ìbà, ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ibùgbé òǹwòran. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ eré onípẹ̀lẹ́tù lè sọ òtítọ́ nípa abúlé?

2.0 Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Eré Náà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Olúṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ tí a bí ní 1935, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ni ó ṣe agbátẹrù My Father's Burden, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, nígbà tí ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1960. Nígbà tí ó yá, Olúṣọlá bọ́ sí iléeṣẹ́ NBC ní Èkó, tí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ibẹ̀ ni The Village Headmaster ti jáde, Olúṣọlá sì ni ẹni tí a mọ̀ sí olùdásílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dá iléeṣẹ́ NTA sílẹ̀ ní 1977, tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè yìí bọ́ sábẹ́ àkóso kan ṣoṣo, eré náà di ti tẹrú-tọmọ.

Ó yẹ kí a fi í wé méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré orí rédíò The Archers bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ìlú ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 1951. Oúnjẹ ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun, a sì fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ máa ti inú ìtàn gbọ́ ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́ oko. Ní Nàìjíríà, Cock Crow at Dawn tí NTA gbé jáde ní 1980, tí ilé ìfowópamọ́ UBA ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ń pe àwọn ènìyàn padà sí oko. Àgbẹ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú méjèèjì.

Nínú The Village Headmaster, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Èyí kì í ṣe èèṣì. Ní 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ abúlé tí kò ní iná mànàmáná tàbí omi ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan àti tíṣà kan. Tíṣà yìí ni ń ka lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé, òun ni ń kọ èsì, òun náà ni ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba. Àlejò ni láàrin ìlú, síbẹ̀ kò sí àṣírí ilé tí kò mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn bí ayé àtijọ́ ṣe pàdé ayé òde òní kò lè rí ẹ̀dá ìtàn tí ó tún dára ju èyí lọ.

3.0 Ọjà àti Àwọn Ará Rẹ̀

Ọjà ni orúkọ ìlú inú eré náà. Orúkọ náà ní ìtumọ̀. Ọjà ni ibi tí onírúurú ènìyàn ti ń pàdé, tí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ wá, tí kò sì sí ẹni tí ó lè lé ẹnì kejì lọ. Yorùbá sì ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé.

Àwọn òṣèré mẹ́ta ni ó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri. Dejumo Lewis ni Kábíyèsí. Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Eleyinmi, tí ẹ̀gàn, ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì àkàǹṣe kún ẹnu rẹ̀. Ìbídùn Allison ni Amebo, Jab Adu ni Bassey Okon, Joe Layode sì ni Tíṣà Garuba.

Bí a bá wo àwọn orúkọ wọ̀nyí, a ó rí i pé ìlú Yorùbá ni Ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń gbé e. Ọdún tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ogun abẹ́lé tí ó wáyé láti 1967 sí 1970 ń lọ lọ́wọ́. Ní àkókò tí àwọn ará orílẹ̀-èdè kan náà ń para wọn, ìlú kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí Bassey àti Garuba ti ń bá Kábíyèsí Yorùbá gbé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Èdè ni ó fa awuyewuye. Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ni wọ́n fi ṣe eré náà, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ì bá máa sọ. Ẹnì kan lè wí pé abúlé tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe abúlé mọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó sọnù kò kéré: òwe, oríkì, àti bí ọmọdé ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n láìsí èdè àjùmọ̀gbọ́, Ọjà kò ní jẹ́ ìlú gbogbo ènìyàn. Èdè náà sì san nǹkan padà fún àwùjọ. Orúkọ Amebo kúrò ní orúkọ ènìyàn, ó di ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún olófòófó títí di òní, àní lẹ́nu àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí eré náà parí.

4.0 Ìpẹ̀lẹ́ àti Òtítọ́

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ni pé Ọjà tutù jù. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde nítorí owó orí. Ìyẹn ni rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà tí Táfá Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn ní 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bá wọn pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà kí a tó dín owó orí kù sí £2. Abúlé tòótọ́ ń jó, abúlé orí tẹlifíṣọ̀n ń rẹ́rìn-ín.

A kò lè fọwọ́ rọ́ ẹ̀sùn yìí sẹ́yìn. Síbẹ̀, ìpẹ̀lẹ́ kì í ṣe irọ́. Ohun tí Ọjà fi hàn ni bí aáwọ̀ ṣe ń dé ààfin kí ó tó di ìjà: ẹni tí a ṣẹ̀ ń sọ tẹnu rẹ̀, olóyè ń yọ̀ṣùtì sí i, Kábíyèsí ń gbọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń la ohun tí ó ṣókùnkùn. Ìdájọ́ lè wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ 1968 ń wá gan-an nìyẹn tí wọn kò rí. Nípa báyìí, eré náà kò sọ bí abúlé ti rí pátápátá. Ó sọ ohun tí abúlé gbà pé ó tọ́ sí òun. Àwọn Rẹ́mọ pàápàá kò rí i bí eré lásán, nítorí pé Fúnṣọ́ Adéolú tí ó ṣe olóyè nínú eré padà di ọba ní tòótọ́, Aláyè ti Òde Rẹ́mọ.

5.0 Òǹwòran ní Ìbà

Ìlú Àwórì ni Ìbà, ìlú oko ni kí Èkó tó fẹjú dé ibẹ̀. Lábẹ́ ìṣèjọba Látẹ́ẹ̀fù Jákàńdè, láti 1979 sí 1983, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí oríṣiríṣi àdúgbò. Ẹ́sítéètì Ìbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1983, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tún dé sí Ọ̀jọ́ nítòsí rẹ̀. Oko di búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù di àdúgbò.

Irú ìbágbé tí ó wà ní ẹ́sítéètì fara jọ ti Ọjà: Ìjẹ̀bú ń gbé òkè, Ìgbò ń gbé ìsàlẹ̀, Ẹ̀gùn ń gbé òdìkejì. Ohun tí kò sí ni ààfin tiwọn àti ìrántí àjọní. Ààfin Oníba wà nítòsí, ṣùgbọ́n ti ọmọ onílẹ̀ ni. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nítorí omi, ariwo tàbí ilẹ̀kùn àbáwọlé, ìpàdé àwọn olùgbé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà náà ni ó máa ń hàn pé ilé nìkan ni ìjọba lè kọ́. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di ìlú. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, Ọjà kì í ṣe ìrántí abúlé tí wọ́n fi sílẹ̀ nìkan. Ó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa bí a ti í bá àjèjì gbé, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀kọ́.

6.0 Ìkádìí

A ti rí i pé The Village Headmaster lo ilé ẹ̀kọ́, ààfin àti ẹnu olófòófó láti sọ orílẹ̀-èdè di abúlé kan. Ó dákẹ́ lórí ìyà àgbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà sì jẹ́ àbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pa òye kan mọ́: pé ibi tí a bá ti ń gbọ́ tẹnu ara wa ni ìlú. Ní 2021, àtúnṣe eré náà tún jáde lórí NTA. Ẹni tí yóò tún ìlú Ọjà kọ́ ní ayé ìsinsìnyí kò ní láti wá oko jìnnà. Bí ó bá dé Ìbà, kí ó jókòó sí ìpàdé àwọn olùgbé ní ìrọ̀lẹ́ kan, yóò bá Eleyinmi níbẹ̀, yóò bá Amebo, yóò sì bá ẹnì kan tí ó rọra dìde ní ẹ̀yìn tí ó ní kí a jẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná.