Òkú Ìbọn Nínú Páálí

Bí àwọn baba wa bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀fà ni: ọkàn olùránṣẹ́ ń fà sí i. Bó bá jẹ́ òòyà ló bá nínú ẹrù, ó ti mọ̀ pé ìpínyà ti dé nìyẹn, oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Àrokò ò lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tó dì í àti ẹni tó tú u gbọ́ èdè kan náà. Ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè ọ̀hún ló ti ń dìjà.

Ohun tí mo máa ń rántí nìyí bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tó ń kó ìbọn ogun àtijọ́ jọ ní Ìlú Ọba. Ìbọn wọn ti kú: wọ́n ti dí ọ̀pá rẹ̀ pa, wọ́n ti jó irin mọ́ irin nínú rẹ̀ tí kò fi lè dún mọ́. Láti ìgbà òfin ọdún 1988, bí ilé àyẹ̀wò ìbọn ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti Birmingham bá ti lu òǹtẹ̀ sí i lára, tí wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀rí, òfin kì í kà á sí ìbọn mọ́.

Àmọ́ bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́, ẹ̀rọ X-ray tó ń wo páálí ò mọ òǹtẹ̀. Ìrísí ìbọn ló ń rí, ẹni tó jókòó tì í sì lè pe ọlọ́pàá kó tó wá oníǹkan. Mi ò bá a wí. Lóṣù kìíní ọdún 2015, lára ìbọn tí wọ́n fi pa ènìyàn ní Paris ni èyí tí wọ́n ti sọ di aláriwo lásán ní Slovakia, táwọn kan tún jí dìde.

Ti ẹ̀bùn ló ká mi lára jù. Bàbá kan lè ti ra ìbọn tirẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n pa á bí òfin ìgbà náà ti wí. Láti ọdún 2017, ó lè fi í sílé, ṣùgbọ́n bí pípa náà ò bá tó ìlànà tòní, kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Kó tó gbé páálí dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ti rú òfin, bẹ́ẹ̀ inú rere ló fi ṣe é. Kódà èyí tí wọ́n pa dáadáa, bó bá pààrọ̀ ọwọ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé (Home Office) gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ikú ìbọn kì í sì í sọdá òkun. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1934, lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 1968, ka ara ìbọn arọ̀jò-ọta nìkan pàápàá sí odidi ìbọn. Sten, ìbọn arọ̀jò-ọta kan, tó ti kú ní Birmingham, ààyè ni lójú aṣọ́bodè ibẹ̀, àfi tí wọ́n bá ti fi iná gé ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ló fẹ́ fi òkú ìbọn ránṣẹ́, n ó kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé e, n ó dárúkọ ohun tó wà nínú páálí gan-an, n ó sì gba èsì wọn ní kíkọ. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà á wà lókè pátápátá, níbi tí ojú ẹni tó bá tú páálí yóò ti kọ́kọ́ bà lé e, kí ojú rẹ̀ tó kan irin.