Fáànù wo ló yẹ rédíétọ̀ kọ̀ǹpútà yín?

Àwọn tó ń gé fíìmù ní Ìdúmọ̀tà àti Ẹnu Ọwá ń kọ̀wé sí mi, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò: kọ̀ǹpútà olómi làwọn rà, síbẹ̀ ó ń gbóná, ó sì ń falẹ̀ báwọn bá ti ń gbé iṣẹ́ jáde. Wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ fáànù, kò gbọ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé irú èwo ló rà. Ó ní èyí tó ń tan iná aláràbarà ni, pé ẹni tó tà á búra pé kò sí èyí tó ń fẹ́ tó o lọ́jà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe omi inú fíríìjì. Ooru ló ń gbà lára ọpọlọ ẹ̀rọ, tó ń gbé e lọ sí rédíétọ̀, kí fáànù tó wá lé e jáde. Afẹ́fẹ́ yàrá yín nìkan ló ń mú un tutù. Bí yàrá bá gbóná dé 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó ṣe máa ń rí l'Ékòó lóṣù kẹta tí jẹnẹrétọ̀ kò bá lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, omi yẹn kò lè tutù ju 33 lọ láéláé.

Ọ̀rọ̀ wá kan fáànù. Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì lára páálí rẹ̀. Èkíní ni bí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ìgbà tí nǹkan kan kò dí i lójú ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Èkejì ni agbára tó fi ń ti afẹ́fẹ́. Ìgbà tí ọ̀nà dí pátápátá ni wọ́n wọn ìyẹn. Rédíétọ̀ kò sí nínú ipò méjèèjì. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fún mọ́ra ni, afẹ́fẹ́ ní láti há ara rẹ̀ kọjá. Fáànù tó ń fẹ́ yàà lórí tábìlì, tí kò sì lágbára láti ti afẹ́fẹ́, bí ẹ bá gbé e dé ibẹ̀, díẹ̀ ló máa kọjá. Ìyókù á máa padà sẹ́yìn.

Ẹ wo fáànù Noctua méjì, tilẹ̀ Austria, oní mìlímítà 120 ni méjèèjì. NF-S12A ń fẹ́ mítà kúbíìkì 107.5 ní wákàtí kan, NF-A12x25 ń fẹ́ 102.1. Ẹni tó ń wo afẹ́fẹ́ nìkan á mú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò lè gbé omi inú ọ̀pá sókè ju mìlímítà 1.19 lọ, èkejì ń gbé e dé 2.34. Lára àpótí tó ní ihò gbayawu, NF-S12A dára gan-an. Lórí rédíétọ̀, A12x25 ni kí ẹ mú. Ẹ wo etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀: àlàfo tó wà láàárín òun àti férémù kò ju ààbọ̀ mìlímítà lọ, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè sá padà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè máa dín eré fáànù kù kó má pariwo, ṣùgbọ́n ìwà àwọn atúnṣe kan ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwọn. Wọ́n ń de fáànù méjì mọ́ rédíétọ̀ kan, ọ̀kan ń fẹ́ síwájú, èkejì ń fẹ́ sẹ́yìn! Ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀pá férémù ti di ẹ̀rọ àárín mú ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ mú tíṣù sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i. Àwọn mìíràn ń bu omi kànga sínú ẹ̀rọ. Omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó níyọ̀, yóò jẹ irin inú rẹ̀. Ẹ má gbà.

Àwọn kan sì wà tó ń lẹ sitíkà tuntun mọ́ àlòkù fáànù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí ẹ wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ inú ẹ̀rọ), kí ẹ sá fáànù dé òpin eré rẹ̀. Bí sitíkà bá kọ pé ó ń yí ní ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì rí 1200, ẹ dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Bí eruku ọyẹ́ bá ti dí rédíétọ̀, ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ mú kí ẹ tó fi búlówà fẹ́ ẹ. Tó bá yí ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè bàjẹ́.