Ibo ni CK ń gbé nínú iṣan?

Tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní biochemistry, orúkọ ẹ́ńsáímù àti iṣẹ́ ẹ̀ la máa ń há sórí. Ibi tó ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì kì í sábà jáde nínú ìdánwò. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, creatine kinase, ìyẹn CK, sì ni ẹ̀rí mi.

Lọ́dún 2022 ní Eugene, Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ni Tobi Amusan fi sá mítà 100 tó ń fo igi. ATP ni epo tí iṣan ń jó, àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ ò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. CK ló máa ń yọ phosphate lára creatine phosphate, tí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ADP, kí ATP tuntun tó délẹ̀ wàrà.

Lọ́dún 1973, Turner, Wallimann àti Eppenberger ní Zürich fi hàn pé CK máa ń lẹ̀ mọ́ M-line, ìyẹn ìlà tó so àwọn okùn myosin pọ̀ láàárín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o; òmíràn wà nínú mitochondria. Àmọ́ ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: myosin ló ń ná ATP. Ó dà bí àwọn tó ń ta píọ́ wọ́tà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, ibi tí òùngbẹ wà gan-an ni wọ́n dúró sí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. CK máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì bí ìbejì, oríṣi méjì ló sì wà: M ti iṣan, àti B tó pọ̀ nínú ọpọlọ. Nínú iṣan ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú ẹyin, BB lẹ ó kọ́kọ́ bá. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké bá ṣe ń para pọ̀ di okùn gígùn, M á yọjú, MB tó jẹ́ àmúlùmálà náà á wà níbẹ̀, tó bá yá MM á gba ilé. BB kì í lẹ̀ mọ́ M-line, MM ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún 2000, Wallimann àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé lysine mẹ́rin lára M ló ń ṣe bí ìkọ́ tó fi há síbẹ̀.

Tí iṣan bá ya, CK á jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ga fíofío lára àwọn ọmọkùnrin tó ní àrùn Duchenne. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irin lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ni àyà ẹ̀ bá já nígbà tó rí CK tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀, CK àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ga ju ti òyìnbó lọ kódà tí ara bá le, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó le. Àmọ́ tí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn eré náà, ẹ tètè gba ilé ìwòsàn lọ.