Ìmọ́lẹ̀ Mọ Aró, Kò Mọ Ẹ̀lú

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ní Alábàtà níbí béèrè pé: àwọn kan fẹ́ gé etí àdìrẹ tí ìyá àgbà òun fi sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀lú gidi ni wọ́n fi pa á láró. Ṣé kí òun gbà? Èsì mi ni pé kó dúró ná.

A lè yẹ aró wò láì fọwọ́ kan aṣọ. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ spectrometer máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí aṣọ, á sì ka èyí tó padà wá. Aró máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ní nǹkan bí 660 nanometer. Tó bá ti kọjá 700, níbi tí ojú wa ò ti ríran mọ́, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ lára àwòrán ilẹ̀ Japan tí wọ́n fi pákó tẹ̀, torí Prussian blue, tí irin wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti le rè é. Lọ́dún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró òyìnbó. Ohun aláwọ̀ kan náà tí ewé ẹ̀lú ń fún wa ni. Lójú ìmọ́lẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Aró ewé lè ní àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín mìíràn, ṣùgbọ́n àtirí wọn dájú sábà máa ń gba pé ká fa òwú yọ.

Ẹ wo èdè wa: ẹ̀lú lorúkọ ewé, aró lorúkọ ohun tí a ń pa aṣọ sí. Aláró ni aláró ń jẹ́, ì báà lo ewé, ì báà lo ti inú agolo. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: "Aró ni." Kò lè sọ pé "Ẹ̀lú ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí l'Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì ka sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó léèwọ̀. Àwọn ìyá aláró kò gbà, ó sì di ìwádìí ìjọba lọ́dún 1936. Nítorí náà, àdìrẹ ìgbà yẹn lè jẹ́ èyíkéyìí, iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀gbá sì ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ṣáájú àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn ìyá ní Ìtòkú àti Kẹ́mta: ta ló pa á, omi eérú ni àbí sódà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Ẹ̀rọ kankan ò lè bá wa rántí ìyẹn.